Oko Baba Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, agbéraga ni a sì máa ń fi í bá wí. A ní kí ọmọ náà jáde, kí ó lọ wo ayé, kí ó lè mọ̀ pé oko baba òun kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdajì ìtumọ̀ òwe náà ni èyí. Ìdajì kejì ni pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn kò mọ oko baba tirẹ̀ pàápàá. Ó mọ ọ̀nà oko náà, ó mọ ibi tí iṣu gbé wà àti ibi tí ẹ̀gẹ́ gbé wà, ṣùgbọ́n kò mọ irú oko tí ó jẹ́. Ó rò pé bí baba òun ti ń kọ ebè ni gbogbo ayé ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí ẹni tí ń kọ ebè lọ́nà mìíràn ni yóò tó padà wo ebè tiwọn, tí yóò sì bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí àwa fi ń ṣe é báyìí?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju èyí lọ: ìyàtọ̀ tí ń bẹ láàrin àṣà wa àti àṣà ẹlòmíràn ni dígí tí a fi ń rí ojú ara wa. Ojú ń rí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ojú kò rí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, inú dígí náà ni a ti ń rí orúkọ gan-an tí a ń jẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àsọdùn létí ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé kí n tó lọ sí òkèèrè.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Nínú ẹ̀ka èdè tí a ń sọ ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń bá ọmọdé àti àgbà wí. "Ìwọ" ni ọmọ ọwọ́, "ìwọ" náà ni baba àgbà. "Ẹ̀yin" di ìgbà tí ènìyàn bá pé méjì. Ẹni tí kò bá gbé àárín wa lè rò pé a kò mọ àgbà. Irọ́ gbáà ni. Ọmọkùnrin wa ń dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin wa ń kúnlẹ̀. A kì í pe àgbà ní orúkọ. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ń bá wa wí, ilẹ̀ ni a ń wò. Ara wa ni ọ̀wọ̀ wà, ó sì wà nínú ohùn wa. A kò fi í sínú ọ̀rọ̀ kékeré tí a fi ń dípò orúkọ.

Nígbà tí mo wá kàwé ní Ìbàdàn, mo gba yàrá ní ilé ìyá àgbàlagbà kan, onígbàgbọ́ ènìyàn, tí ó fẹ́ràn mi bí ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí lórí fóònù, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń fi èdè ilé wa bá a sọ̀rọ̀. Bí mo ti parí, màmá onílé bi mí pé, "Àbúrò rẹ wo nìyẹn?" Mo ní, "Ìyá mi ni, màmá." Háà! Ó fọwọ́ lérí. Ó ní, "Ìyá tí ó bí ọ lọ́mọ ni ò ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Wọn kò kọ́ ọ nílé ni?" Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní ti Èkìtì, kò ní ti Ìbàdàn. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú tí ó fi ń wò mí yàtọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, nítorí pé èmi nìkan kọ́ ni ó bú. Ó bú ìyá mi tí ó kọ́ mi.

Nígbà tí ó ṣe, mo rántí pé Bíbélì Yorùbá ni ó ń kà ní òròòwúrọ̀. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í pé, "Màmá, nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà, ṣé 'ẹ̀yin' ni ẹ ń pe Ọlọ́run ni, tàbí 'ìwọ'?" Ó dákẹ́. Ó ronú. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, ta ni mo fẹ́ kà mọ́ ọn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá mi rí lójú mi, màmá. Ọ̀kan ṣoṣo ni." Ọjọ́ náà ni ìjà wa parí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Kí n tó dé Ìbàdàn, n kò mọ̀ pé ọmọ Èkìtì ni mí ní ọ̀nà tí mo fi mọ̀ ọ́n lónìí. Ní Èkìtì, ta ni í jẹ́ ọmọ Èkìtì? Ọmọ ìlú báyìí ni a jẹ́, ọmọ àdúgbò báyìí, ọmọ agbolé lágbájá. Ìbàdàn ni mo ti di ọmọ Èkìtì. Màmá onílé náà sì ti rò láti ọjọ́ tí ó ti dáyé pé "ẹ̀yin" ni ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé aṣọ kan péré ni nínú ọ̀pọ̀ aṣọ tí ọ̀wọ̀ ń wọ̀. Àwa méjèèjì ni a jọ rí ara wa nínú dígí lọ́jọ́ náà. Yorùbá sì ni àwa méjèèjì.

Bí ìyàtọ̀ kékeré tí ń bẹ nínú ilé kan náà bá lè la ojú ẹni báyìí, kí ni kí a ti wí nípa èdè tí a kọ́ láti òkèèrè? Èdè Faransé ni mo ń kọ́ pẹ̀lú Yorùbá. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa ní kí a túmọ̀ gbólóhùn kékeré kan sí Faransé: "Ẹ̀gbọ́n mi dé." Gbogbo wa dúró. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin? Yorùbá kò sọ, kò sì pọn dandan fún un láti sọ. Ṣùgbọ́n Faransé kò ní jẹ́ kí a gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ yan ọ̀kan. Kódà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnì kan "dé", bí a ti ń kọ ọ́ fún ọkùnrin kọ́ ni a ń kọ ọ́ fún obìnrin. Olùkọ́ wa wá yí i padà. Ó mú gbólóhùn Faransé, ó ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, àwa náà sì tún dúró: arákùnrin yìí, ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò? Faransé kò sọ. Òótọ́ ni pé a ní "arákùnrin" nínú ìwé àti nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ta ni í pe ọmọ ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé?

Nítorí náà, ọmọ Faransé àti ọmọ Yorùbá lè dúró níwájú ìdílé kan náà, kí ojú wọn má kọ́kọ́ bọ́ sí ibì kan náà. Ọ̀kan rí i pé àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọkùnrin, àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ obìnrin. Èkejì rí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ayé àti ẹni tí ó tẹ̀lé e, ó sì ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu omi wẹ ọwọ́, ẹni tí yóò ru ẹrù, àti ẹni tí a ó dá lẹ́bi bí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ó" wa rí pẹ̀lú. "Ó ti lọ," ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́. Ìdí nìyí tí àgbà wa tí ó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ó ti dàgbà fi lè fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin pe ìyàwó rẹ̀ tí kò sì ní mọ̀; ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń bi í kò sí nínú ohun tí èdè ìyá rẹ̀ ti ń bi í láti ìgbà èwe. Roman Jakobson, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ èdè, kọ ọ́ ní 1959 pé ohun tí àwọn èdè fi yàtọ̀ sí ara wọn jùlọ ni ohun tí olúkúlùkù wọn fi ṣe dandan láti sọ, nítorí pé ohun tí wọ́n lè sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ baba yìí, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé èdè jẹ́ túbú, pé ẹni tí a bí sínú rẹ̀ kò lè ro ohun tí èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ fún. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́, mo lè sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi obìnrin". Bí ọmọ Faransé bá fẹ́, òun náà lè sọ èyí àgbà nínú wọn. Èdè kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń tọ́ka síbi tí ojú yóò kọ́kọ́ wò ni, ó sì ń tọ́ka síbẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́, títí ojú yóò fi rò pé ibẹ̀ nìkan ni ó wà láti wò.

Títí di ìhín, ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti màmá onílé mi ti ṣẹlẹ̀ sí odindi ìran wa rí, ìlú Freetown ní Sierra Leone ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lórí òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown. Bí ogun ti ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Yágbà, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Nílé, àwọn wọ̀nyí kò ka ara wọn sí ènìyàn kan náà. Olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Kì í sì í ṣe àjèjì nìkan ni ó kó wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn, ọwọ́ ẹni tí èdè wọn jọra ni wọ́n ti bọ́ sí oko ẹrú.

Ní Freetown, wọ́n bá ara wọn láàrin Ìgbò, Haúsá, ará Kóńgò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Àwọn àjèjì wọ̀nyí kò mọ Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí Ìjẹ̀ṣà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé irú àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kì í dákẹ́ ìkíni. Wọ́n jí, wọ́n ní ẹ kú. Wọ́n pàdé lọ́nà, wọ́n ní ẹ kú. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò. Oòrùn mú, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹnì kan jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan, ẹ kú ìjókòó. Nítorí náà, wọ́n sọ wọ́n ní Aku. Orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí dòní, nítorí àwọn ènìyàn kan ṣì wà ní Sierra Leone àti ní Gámbíà tí a ń pè ní Aku.

Ẹ wo nǹkan! Bí a bá ní kí ará Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ìgbà náà jókòó láti ro ohun tí ó mú wọn jọ jẹ́ ọ̀kan, bóyá Odùduwà ni wọn ìbá sọ, bóyá Ifẹ̀ ni, bóyá òrìṣà. Mo rò pé "ẹ kú" ni yóò kẹ́yìn ohun tí yóò wá sí wọn lọ́kàn. Ta ni í ka èémí tí ó ń mí? Àjèjì ni ó gbọ́ ọ. Àjèjì ni ó fi ohun tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ní sọ wá lórúkọ. Mo sì máa ń ronú sí i pé kò fi ogun wa sọ wá lórúkọ, kò fi ilà ojú wa sọ wá lórúkọ. Ìkíni wa ni ó fi sọ wá.

Nínú ìlú yìí ni Samuel Àjàyí Crowther dàgbà sí, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì rẹ̀. Ní 1843, a tẹ ìwé rẹ̀ kan jáde tí ó kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè wa jọ, "Yorùbá" ni ó sì pe èdè náà. Orúkọ yìí pàápàá, láti ìta ni ó ti wá. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ará Timbuktu, ti dárúkọ wa nínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bíi 1615. Àwọn Haúsá ń fi orúkọ náà pe ará Ọ̀yọ́, nígbà tí Hugh Clapperton sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, orúkọ tí ó ti gbọ́ lọ́nà àríwá ni ó kọ sílẹ̀: ó pe ilẹ̀ náà ní Yarriba, ó sì pe ìlú náà ní Katunga. Àwọn míṣọ́nárì wá mú orúkọ tí ó jẹ́ ti Ọ̀yọ́ nìkan, wọ́n fi pe gbogbo wa.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọ́n dùn sí i. S. W. Koelle, ọmọ Jámánì tí ó jẹ́ míṣọ́nárì ní Freetown, kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà ní 1854 pé kò tọ́ rárá láti fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wọn, pé Aku sàn jù ú lọ. Samuel Johnson pẹ̀lú, nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, ṣì ń pe Ọ̀yọ́ ní Yorùbá gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti borí. Lónìí, bí ẹnì kan bá sọ pé Ìjẹ̀bú kì í ṣe Yorùbá, ìjà ni yóò fà.

Ní òdìkejì òkun, bákan náà ni ó rí, orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀. Ní Bùràsíìlì, Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, láti ara Ànàgó, orúkọ tí àwọn Fọ̀n àti aládùúgbò wọn ń pè wá. Àwọn Nagô ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó dìde sí àwọn olówó ẹrú ní ìlú Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, Malê ni a sì ń pe ọ̀tẹ̀ náà, láti ara "ìmàle", nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní Kúbà, Lucumí ni orúkọ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé "olùkù mi" ni ó di bẹ́ẹ̀, ìyẹn "ọ̀rẹ́ mi". Títí di òní, àwọn ènìyàn kan wà ní ìpínlẹ̀ Delta tí wọ́n ń pe èdè wọn ní Olùkùmi, èdè náà sì jọ tiwa. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé ibì kan fi ìkíni sọ wá lórúkọ, ibì kejì fi ọ̀rẹ́ sọ wá.

Apá tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn tí ó padà wálé. Láti nǹkan bíi 1840 ni wọ́n ti ń dé sí Èkó, Badagry àti Abẹ́òkúta. Ní Freetown, Aku ni wọ́n. Ní Salvador, Nagô ni wọ́n. Wọ́n ti fi orúkọ wọ̀nyẹn jìyà, wọ́n ti fi wọ́n kọ́ ilé, wọ́n ti fi wọ́n sin òkú wọn. Wọ́n wá dé ilé, ẹ̀yin ará mi, kí ni a pè wọ́n? Àwọn tí ó ti Freetown dé, a pè wọ́n ní Sàró. Àwọn tí ó ti Bùràsíìlì àti Kúbà dé, a pè wọ́n ní Àgùdà. A wo kóòtù lọ́rùn wọn, a gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, a rí fèrèsé tí wọ́n fi sí ilé wọn ní Pópó Àgùdà, a sì ní àlejò ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ilé ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Nílé, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni a fi mọ̀ wọ́n.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 tún ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Kétu àti Ṣábẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Mo lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ fi Faransé kọ́ra, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Potogí sì sọ ní Porto-Novo. Ní ọjà, mo fi Faransé bi ìyá kan ní iye ọjà rẹ̀. Ará Pọ́bẹ̀ ni. Ó wò mí, ó sì fi èdè wa dáhùn. Ó ní, "Ṣé Nàgó kọ́ ni ọ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, màmá, Yorùbá ni mí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ni mo wí?" A jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Níbi tí èmi ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni òun ń yá, àwa méjèèjì sì ń fi ara wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Mo rántí Freetown.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni gbogbo èyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wá láti London nígbà ọlidé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ń na ọwọ́ láti bọ àwọn àgbà lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ wọn mọ́ wọn lórí, nígbà tí ó sì rí i tí mo dọ̀bálẹ̀, ó bèèrè ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn ju pé "bí a ti ń ṣe é nìyẹn." Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo agbolé ti ń pè é ní Òyìnbó. Mo bá a lẹ́yìn ilé níbi tí ó gbé ń sunkún. Ó ní ní London, wọ́n máa ń bi òun pé níbo gan-an ni òun ti wá, orúkọ ibí yìí ni òun sì máa ń dá wọn lóhùn. Ṣé níbí náà ni wọn yóò tún ti máa bi òun? Mo jókòó tì í, mo sọ ìtàn Sàró àti Àgùdà fún un. Mo ní àwọn tí a pè ní àlejò wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ ìwé èdè wa, tí wọ́n kọ́ ilé tí Èkó fi ń yangàn, àti pé ẹ̀wà tí a fi àgbọn sè, tí Èkó ń pè ní frejon, ọwọ́ wọn ni ó ti wá. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun bí a ti ń kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bèèrè níjọ́ kìíní kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé òun, tí oko baba ẹlòmíràn ti mọ́ lára, ni ó rí ebè wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí mo ń tọ̀ bọ̀ nìyí. Àwọn kan ń sọ pé ènìyàn kan náà ni gbogbo wa, pé kí a yé sọ̀rọ̀ ìyàtọ̀. Àwọn mìíràn ní àṣà wa ni àṣà wa, ẹni tí kò bá ṣe é bí a ti ń ṣe é kì í ṣe ara wa. Àwọn ti ìṣáájú fẹ́ fọ́ dígí náà; àwọn ti ìkẹyìn fẹ́ fi aṣọ bò ó. Àwọn àgbà wa kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Wọ́n ní báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tí ó lè sọ gbólóhùn yẹn ti jáde nílé rí, ó sì ti padà.

Ìyà sì wà nínú kí a má rí ara wa lásìkò. Ẹni tí ó ta ará ìlú kejì fún olówò ẹrú kò mọ̀ pé ará òun ni òun tà. Etíkun òkèèrè ni àwọn tí a tà ti mọ̀, nígbà tí àjèjì gbọ́ "ẹ kú" lẹ́nu ẹni tí a tà àti lẹ́nu ọmọ ìlú ẹni tí ó tà á, tí ó sì fi orúkọ kan pe àwọn méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tí ó gbówó lórí tó báyìí, kò yẹ kí a tún sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnì kan bá sọ èdè ìlú rẹ̀ nínú ọgbà wa yìí, kí a má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a bi í bí wọ́n ti ń kí àgbà níbẹ̀. Bí ará Kétu bá dé, kí a má bi í bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Bí ọmọ wa bá sì ti òkè òkun dé tí ó ń na ọwọ́ láti bọ̀ wá lọ́wọ́, kí a bọ̀ ọ́, kí a ní ẹ kú ìrìn, kí a sì múra láti dáhùn ohun tí yóò bi wá.